Ojú Tí Tẹ́mósítáàtì Kọ: Iṣẹ́ Tí Wọ́n Ṣe fún Mi ní Ṣọ́ọ̀bù Mẹkáníìkì Kan ní Kétu

Mo ń kọ èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá ń wa ọkọ̀ láàárín Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kétu ní ilẹ̀ Benin, pàápàá ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ti pẹ́ lọ́wọ́ yín bíi tèmi, nítorí pé mo ti rí ṣọ́ọ̀bù kan tí mo lè gbé ọkọ̀ mi sílẹ̀ níbẹ̀ kí ọkàn mi sì balẹ̀. Ó wà ní Kétu, ní ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó bá ń jáde láti ìlú lọ sí ọ̀nà Ìlárá, lábẹ́ igi máńgòrò ńlá kan, kò sì ní pátákó orúkọ kankan. Iṣẹ́ tí mo gbé lọ síbẹ̀ kò tóbi lójú. Tẹ́mósítáàtì ẹ́ńjìnnì ni, ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó ń pa dé fún omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, tí àwọn mẹkáníìkì wa níbí tún máa ń pè ní kalorísítáà, orúkọ ọjà Faransé kan tó ti di orúkọ ohun náà fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ fi í sínú ọkọ̀ mi, ó sì fi ojú rẹ̀ sódì. Òdì kan ṣoṣo yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ mi, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe rí i, bí wọ́n ṣe tún un ṣe, àti ohun tí ó wù mí kí wọ́n ṣe dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Toyota Corolla ni ọkọ̀ mi, ẹ́ńjìnnì 1.6 tó ń lo bẹntiróòlù, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1994. Aṣọ ni mo ń tà; mo máa ń kó o láti Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí náà ọ̀nà Sakẹ́tẹ́, Pọ́bẹ̀ àti ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí ti mọ́ mi lára. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ṣàkíyèsí pé abẹ́rẹ́ ìgbóná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í kúrò nísàlẹ̀ mọ́ bí mo bá ti wà lójú ọ̀nà gbọọrọ, àti pé epo tó máa ń gbé mi lọ tó ń gbé mi bọ̀ kò tó mọ́. Mẹkáníìkì kan ní Àjàṣẹ́ yẹ ọkọ̀ náà wò, ó ní tẹ́mósítáàtì ló ti ya ẹnu sílẹ̀ tí kò lè pa á dé mọ́, pé omi tutù láti inú rádíétọ̀, ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù, ló ń ṣàn wọ ẹ́ńjìnnì láìdúró. Òótọ́ ló sọ, n kò sì ní fi ìyẹn dù ú. Ó rán mi lọ ra tuntun ní ọjà Wàńdó, mo rà á ní 4,500 sẹ́fà, ó sì ti fi í sí i kí wákàtí kan tó pé. Ó bu omi kànga kún rádíétọ̀, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ilé mi kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ, kò sì sí nǹkan kan tó ṣe ọkọ̀.

Ọjọ́ kejì ni mo di ẹrù mi tí mo gbéra. Kí n tó dé Sakẹ́tẹ́, abẹ́rẹ́ ti kọjá ìdajì. Mo dẹwọ́ eré, ó sọ̀ kalẹ̀ lójijì, kò pẹ́ tó tún gòkè. Gígòkè-sísọ̀ yìí ló tàn mí jẹ, nítorí pé ohun tó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, èèyàn á rò pé ó ti ń tọ́ bọ̀. Mo dúró ní Sakẹ́tẹ́ títí ara ọkọ̀ fi rọ̀, mo tún dúró ní Pọ́bẹ̀. Nígbà tí mo ti kọjá Ìsàbà, láàárín amọ̀ dúdú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí níbi tí n kò ti rí ibòji kankan, abẹ́rẹ́ lọ lẹ̀ mọ́ ìlà pupa, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sì ń gbọ́ bí omi ṣe ń hó kùtùkùtù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ìkòkò ẹ̀wà. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó dúró láti ràn mí lọ́wọ́ ti ń fi aṣọ tútù wé ọwọ́ kí ó lè ṣí ìdérí rádíétọ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdérí yẹn ló ń tẹ omi mọ́lẹ̀ tí kì í fi í hó ní 100 °C bí omi inú ìkòkò ìdáná. Ẹni tó bá ṣí i nígbà tí ìgbóná ti kọjá bẹ́ẹ̀, omi àti ooru rẹ̀ á tú lù ú lójú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó àgbàdo ló fi okùn fà mí dé Kétu, awakọ̀ rẹ̀ ló sì júwe ṣọ́ọ̀bù yìí fún mi.

Ọ̀gá tó ni ibẹ̀ kò tíì pé ẹni ogójì ọdún lójú mi. Ó kí mi pé, "Màmá, ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ jókòó," ó ní kí ọmọṣẹ́ kan bu omi fún mi mu, lẹ́yìn náà ni ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tí n kì í sábà gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀: "Kí ni wọ́n ṣe sí i kẹ́yìn, kí eléyìí tó bẹ̀rẹ̀?" Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Kò fọwọ́ kan sípánà. Ó dúró títí ẹ́ńjìnnì fi tutù tó láti ṣí ìdérí, ó bu omi kún un, ó tan iná sí i, ó sì jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ ní ìdúró nígbà tí òun ń wo abẹ́rẹ́. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ìdajì, ó pè mí wá sí iwájú ọkọ̀, níbi tí rọ́bà méjì ti ń gbé omi láàárín ẹ́ńjìnnì àti rádíétọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ fọwọ́ kan rọ́bà òkè yìí díẹ̀, ẹ tètè gbé e kúrò. Ẹ wá fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀." Rọ́bà òkè gbóná débi pé n kò lè ka ení-èjì kí n tó fa ọwọ́ mi padà. Ti ìsàlẹ̀ tutù bí ara àmù. Ó ní, "Ilẹ̀kùn ò ṣí. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ti ìsàlẹ̀ náà á máa gbóná bọ̀ díẹ̀díẹ̀." Ó pa ẹ́ńjìnnì kí ìgbóná tó tún pọ̀ jù.

Mo fẹ́ kí àwọn obìnrin tó ń wa ọkọ̀ ka ibi yìí dáadáa. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́pọ̀ ìgbà pé mẹkáníìkì á ní kí n lọ pe ọkọ mi tàbí ọmọ mi ọkùnrin wá kí òun lè ṣàlàyé ohun tó ṣe ọkọ̀ tí èmi fúnra mi ń wà, tí èmi fúnra mi sì ń sanwó rẹ̀. Ọ̀gá yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà, ojú mi ló ti ṣe é, ó sì sọ ìdí tó fi ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àlàyé rẹ̀ lórí tẹ́mósítáàtì ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ó ní, "Ẹ ṣáà mọ Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ tó wà ní ìlú wa yìí. Oníbodè ni nǹkan yìí. Bí oníbodè bá kọjú sí ìta tó kẹ̀yìn sí ìlú, ilé á máa jó nínú ìlú, kò ní mọ̀." Nínú tẹ́mósítáàtì, kóló idẹ kékeré kan wà tí wọ́n rọ ìda kún. Bí ìda náà bá ti gbóná dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára, á yọ́, á wú, á ti ọ̀pá kékeré kan jáde, ọ̀pá náà á sì mú kí ilẹ̀kùn ṣí, kí omi láti rádíétọ̀ lè wọlé. Bí ó bá tutù, ìda á sún kì, sípíríǹgì tó yí kóló náà ká á sì fa ilẹ̀kùn padà dé. Kò sí wáyà, kò sí iná mànàmáná níbẹ̀; ohun tí kóló yẹn bá rí nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ wà nínú omi tó ń gbóná, ìyẹn omi ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá yí i sódì, inú omi rádíétọ̀ tó dúró ní tutù ni kóló máa wà, ẹ́ńjìnnì á sì máa hó ní ìhà kejì ilẹ̀kùn láìjẹ́ pé ìda mọ ohunkóhun. Nígbà tí ìgbóná bá wá fi ara irin kọjá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níkẹyìn, á ṣí, omi tutù á rọ́ lù ú, á tún pa ẹnu rẹ̀ dé. Gígòkè àti sísọ̀ tí mo rí lójú ọ̀nà Sakẹ́tẹ́ nìyẹn.

Báwo ni ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ ṣe wá ń ṣi í fi sí? Mo bi í, kò sì bú ẹnìkejì rẹ̀. Ó ní nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ibi tí omi ti ń jáde kúrò nínú ẹ́ńjìnnì lọ sí rọ́bà òkè ni tẹ́mósítáàtì wà. Nínú àwọn yẹn, ibi tí omi ti ń bọ̀ ni sípíríǹgì ń kọjú sí, àwọn ọmọṣẹ́ sì máa ń kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀gá wọn: "Ibi tí omi ti ń bọ̀ ni kí o kọ sípíríǹgì sí." Ṣùgbọ́n nínú Corolla tèmi, ibi tí omi ti ń wọ ẹ́ńjìnnì láti rọ́bà ìsàlẹ̀ ni ó wà. Ẹni tó bá ń tẹ̀lé òfin àkọ́kọ́ yẹn á wo ọ̀nà tí omi ń gbà, á rí i pé rádíétọ̀ ló ti ń bọ̀, á sì kọ sípíríǹgì sí rádíétọ̀ pẹ̀lú ọkàn kan. Ó ro ọ̀rọ̀ dáadáa lórí òfin tí kò pé. Òfin tó pé ni pé ẹ́ńjìnnì ni kóló àti sípíríǹgì gbọ́dọ̀ kọjú sí, ì báà jẹ́ ẹnu ọ̀nà ìjáde ni tẹ́mósítáàtì wà, ì báà jẹ́ ẹnu ọ̀nà ìwọlé. Nínú irú ti èmi yìí, omi gbígbóná tó ti yí inú ẹ́ńjìnnì po máa ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kan padà sí ìdí pọ́ǹpù, níbẹ̀ ló sì ti ń wẹ kóló náà kí ó lè mọ bí ara ẹ́ńjìnnì ṣe rí. Mo ti bi awakọ̀ tó tó mẹ́fà léèrè láti ìgbà náà, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ ìyàtọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni èmi náà kò mọ̀ ọ́n kí n tó dé Kétu.

Wọ́n fa omi inú rádíétọ̀ sínú bàsíà funfun kan. Àwọ̀ rẹ̀ ti rí bí omi tí wọ́n fi fọ àdá tó dípẹtà, lẹ́yìn ọjọ́ kan péré tí omi kànga wọ inú rẹ̀. Nọ́ọ̀tì méjì péré ló mú ìdérí ibùdó tẹ́mósítáàtì dúró. Ọmọṣẹ́ tú u, ó fa ìdérí sẹ́yìn, ọ̀gá sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Sípíríǹgì ló kọjú sí wa, ó ń wo rọ́bà ìsàlẹ̀. Rọ́bà róbótó tó yí etí rẹ̀ ká sì ti lọ́ ní apá kan nítorí pé kò jókòó dáadáa. Mo ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ibi tí mo rò pé wọn yóò ti tà mí ní tuntun ni ọ̀gá ti ní kí ọmọṣẹ́ lọ tọrọ àdògán èédú lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta oúnjẹ ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Ó gbé ìkòkò omi ka iná, ó fi tẹmọ́mítà sí i. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀kùn tẹ́mósítáàtì náà díẹ̀, ó fi òwú ìránṣọ há etí rẹ̀, ó jẹ́ kí ó padé mọ́ òwú náà, ó sì fi òwú so ó rọ̀ láti orí igi kan tó gbé dábùú ẹnu ìkòkò, kí ó wà láàárín omi láìkan ìsàlẹ̀ ìkòkò, nítorí pé irin ìsàlẹ̀ máa ń gbóná ju omi lọ. Wọ́n ti tẹ 82 sí i lára, ìyẹn ìwọ̀n ìgbóná (°C) tó yẹ kí ó ti ṣí. Gbogbo wa yí ìkòkò ká, èmi, ọ̀gá, ọmọṣẹ́ méjì àti olóúnjẹ tó ni iná. Ní 78 kò mira. Ní 80 kò mira. Bí tẹmọ́mítà ṣe kọjá 82 díẹ̀, ilẹ̀kùn dá òwú sílẹ̀, tẹ́mósítáàtì sì já bọ́ sínú omi. Olóúnjẹ pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá fi wáyà yọ ọ́, ó tún fi wáyà náà so ó rọ̀ padà, ó jẹ́ kí omi gbóná dé 95, ó gbé e jáde, ó sì fi rúlà wọn bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí tó: ó lé díẹ̀ ní mìlímítà 8. Ohun tí Toyota ní kí ó ṣe fún ẹ́ńjìnnì yìí nìyẹn, pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 80 sí 84, kí ó sì ti ṣí tó mìlímítà 8 nígbà tí ìgbóná bá dé 95. Mo ní èyí àtijọ́ nínú búùtù ọkọ̀. Ó gbà á, kò tilẹ̀ gbé e dé inú omi, ó gbé e sókè sí oòrùn, a sì rí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba etí ilẹ̀kùn rẹ̀ wọlé. Mẹkáníìkì Àjàṣẹ́ kò parọ́ nípa ìyẹn.

Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, kò sí ohun tó ṣe èyí tí ẹ rà. Ẹ má ra òmíràn." Mo mọ iye ọkọ̀ tó ń dé ṣọ́ọ̀bù lójúmọ́ tí ẹni tó ni ín kò mọ ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí ó bá ní kí n san 10,000 fún tuntun lọ́jọ́ náà, n bá san án, n bá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Rọ́bà róbótó rẹ̀ nìkan ló ní kí a pààrọ̀.

Kí ó tó fi í padà, ó yẹ ohun tí mo bẹ̀rù jù wò: bóyá ìgbóná náà ti ba gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì jẹ́, èyí tí kì í jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì pàdé. Ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ó tẹ́ ọ́ìlì náà sórí aṣọ funfun láti wò ó bóyá omi ti dà á pọ̀ tí ó fi dà bí ògì; ó ṣí ìdérí ibi tí a ti ń da ọ́ìlì, ó wo inú rẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó ní òun yóò tún wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, bóyá òfuurufú á máa hó jáde nínú rádíétọ̀ láìdúró, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó yá.

Nígbà tí ó ń fi í padà, ó kọ́kọ́ ha ojú irin méjèèjì títí tí wọ́n fi mọ́. Ó fi rọ́bà tuntun wọ etí tẹ́mósítáàtì, ó sì fi ìka yí i ká láti rí i pé kò sí ibi tó yọ. Ìṣó kékeré kan wà lára àwo tẹ́mósítáàtì náà tó máa ń mì nínú ihò rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. Òkè pátápátá ni ó ti ìyẹn sí, nítorí pé ihò yẹn ni òfuurufú ń gbà sá jáde bí a bá ń bu omi sí i. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, òfuurufú á há lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á bo kóló, kóló á wà nínú òfuurufú dípò omi, kò sì ní tètè ṣí bí ó tilẹ̀ kọjú sí ibi tó yẹ. Ó di nọ́ọ̀tì méjèèjì ní díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ìdérí lè jókòó dọ́gba.

Omi kànga kọ́ ló bù padà sí i. Omi rádíétọ̀ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ti pò tán ló lò, lítà 6, ó sì ṣàlàyé pé òun ni kì í jẹ́ kí irin inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà tí ìpẹtà á fi dí ihò rádíétọ̀, tó sì tún ń mú kí híhó rẹ̀ pẹ́ ju ti omi lásán lọ. Ó ṣí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru sínú ọkọ̀ dé òpin, ohun tí n kò tíì lò rí nílẹ̀ wa yìí, kí omi lè dé ibẹ̀ náà. Ó bu omi díẹ̀díẹ̀, ó ń fọwọ́ fún rọ́bà ìsàlẹ̀, òfuurufú sì ń yọ lójú rádíétọ̀. Lẹ́yìn náà ló tan ẹ́ńjìnnì láìde ìdérí. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó pè mí pé kí n tún fọwọ́ kan rọ́bà ìsàlẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Ó ń gbóná bọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, láti lílọ́wọ́ọ́wọ́ dé gbígbóná, omi inú rádíétọ̀ sì lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fáànù tan, ó kú, ó tún tan. Ó bu omi kún ibi tó dín, ó de ìdérí, ó gbé mi jáde lọ sí ọ̀nà Ìlárá, a sì padà. Abẹ́rẹ́ dúró díẹ̀ sísàlẹ̀ ìdajì, kò gòkè, kò sọ̀.

Èrò kan wà tí mo gbọ́dọ̀ dá sí, nítorí ọkùnrin kan tó jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù náà ló sọ ọ́, ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa ló sì gbà á gbọ́: pé ilẹ̀ olóoru ni tiwa, kí a kàn yọ tẹ́mósítáàtì sọnù. Mo ti wa ọkọ̀ tí tẹ́mósítáàtì rẹ̀ ya ẹnu sílẹ̀, èyí tí kò yàtọ̀ sí kí ó máa sí níbẹ̀, mo sì mọ iye tí mo fi ra epo ní oṣù náà. Ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ kì í yá tó máa ń jẹ epo, epo tí kò jó tán á máa ṣàn sínú ọ́ìlì, irin á sì máa jẹ ara wọn. Ọ̀gá tún fi kún un pé àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí tẹ́mósítáàtì wọn ní àwo kejì tó ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú nígbà tí ó bá ṣí; ẹni tó bá yọ irú èyí, omi púpọ̀ á máa gba ẹ̀bùrú láìdé rádíétọ̀, ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ tù lára á sì tún máa gbóná sí i.

Mo ní ẹ̀sùn mẹ́ta sí ṣọ́ọ̀bù yìí, mo sì ti sọ wọ́n fún ọ̀gá kí n tó kọ wọ́n síbí. Èkíní ni àkókò. Ó tó wákàtí mẹ́rin tí mo lò níbẹ̀, ju ọ̀kan lọ nínú rẹ̀ sì jẹ́ pé a ń dúró de ọlọ́kadà tí wọ́n rán lọ wá rọ́bà róbótó tí iye rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó ń tún Toyota ṣe lójoojúmọ́ yẹ kí ó ní mẹ́wàá irú rẹ̀ nílẹ̀. Èkejì ni ìwé owó. Wọn kì í kọ ọ́ bí ẹ kò bá béèrè, nígbà tí mo sì béèrè, orí ìwé tí wọ́n ya nínú ìwé ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí, láìsí ọjọ́ lórí rẹ̀ títí mo fi ní kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Bàsíà tí wọ́n fa omi rádíétọ̀ sí wà nílẹ̀ gbalasa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n ti fa ti aláwọ̀ ewé kúrò nínú rẹ̀, ewúrẹ́ sì ń rìn káàkiri ibẹ̀. Omi aláwọ̀ ewé yẹn dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ó ń pa ewúrẹ́, ó ń pa ajá, ọmọdé náà kò sì gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Mo sọ ọ́, ọ̀gá sì ní kí wọ́n rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì lójú ẹsẹ̀. Ní ìgbà tí mo tún débẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàsíà náà ti ní ìdérí, òkúta sì wà lórí rẹ̀.

Owó tí mo san jẹ́ 15,200 sẹ́fà lápapọ̀: 1,200 fún rọ́bà róbótó, 9,000 fún lítà 6 omi rádíétọ̀, àti 5,000 fún iṣẹ́. Kò gba owó lórí dídán tẹ́mósítáàtì wò nínú omi, bẹ́ẹ̀ ni kò gba owó lórí yíyẹ gásíkẹ́ẹ̀tì wò. Lójú mi, owó iṣẹ́ náà kéré sí ohun tó ṣe. Ẹ lè bá wọn láti agogo mẹ́jọ àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú, àyàfi ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n máa ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ kírun ní ọ̀sán. Bí ẹ bá ń lọ fún irú iṣẹ́ yìí, ẹ lọ ní àárọ̀, kí ẹ sì ra rọ́bà róbótó náà dání láti Àjàṣẹ́.

Láti ìgbà náà, mo ti lọ Kétu mo ti bọ̀ nígbà mẹ́jọ pẹ̀lú ẹrù, nínú oòrùn ọ̀sán, n kò sì tíì bu omi kún rádíétọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì Àjàṣẹ́. N kò lọ bá a jà. Mo fi fọ́tò tí mo yà hàn án. Ó ní bí òun ṣe máa ń fi í sí nìyẹn, pé ibi tí omi ti ń bọ̀ ni sípíríǹgì ń kọjú sí, àti pé ọ̀gá òun ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ kóló àti ọ̀nà ẹ̀bùrú fún un bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Ó mú tẹ́mósítáàtì àtijọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Ìyá Aláṣọ, àwọn Toyota tí mo ti fi í sí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?" Ó ka mẹ́ta tí ó rántí lórí ìka rẹ̀, ó pe ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó gbé fóònù wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́mbà àwọn tó ni wọ́n.